Fóònù kọ́ ló bí ṣekárími

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwa òǹkàwé tí a rò pé gbogbo ohun tó bá ṣáà ti sọ sí wa lọ́kàn ló yẹ kí ẹ tẹ̀ jáde. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó sọ pé fóònù ti ba ọmọ ènìyàn jẹ́. Ó ní láyé àtijọ́, wọ́n ń ṣoore láìwẹ̀yìn wò, wọ́n ń fẹ́ràn ara wọn láìpe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ń gbàdúrà láìjẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Lẹ́tà náà dùn ún kà. Mo tilẹ̀ gé e pa mọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní fún arákùnrin náà (ìkọ̀wé rẹ̀ jọ ti ọkùnrin, bó bá jẹ́ obìnrin ni, kó forí jì mí): ayé àtijọ́ wo gan-an ni?

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe, ó ti di ọdún 38 báyìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, fóònù tó wà, wáyà ló so ó mọ́ ògiri, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àwòrán. Ojú tí àwọn ènìyàn ń gbé síwájú kámẹ́rà mi nígbà náà, òun náà ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ lónìí. Ènìyàn á wọlé, á bá mi ṣàwàdà, á ní òun kò fẹ́ àṣejù, kí n ṣáà ya òun bí òun ṣe rí. Kí n má tíì sọ pé "ó yá o" tán, èjìká ti gòkè, ikùn ti wọlé, ojú ti le bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ adájọ́. Ẹni tó wọlé ti lọ, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga yẹn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ọmọ ènìyàn kì í fi ẹnu bẹ̀rẹ̀ irọ́, èjìká ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọgbọ́n kan. Bó bá ti ya oníbàárà tán, tí oníbàárà sì mí kanlẹ̀, tí èjìká já wálẹ̀, wẹ́rẹ́ ni ọ̀gá mi á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Fọ́tò kejì yẹn ló máa ń rẹwà jù. Èmi náà ṣe é fún ọdún mélòó kan, kò sí oníbàárà kan ṣoṣo tó sanwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú un lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà." Ó ní, "Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ní, ta nìyí?"

N kò rí èsì fún un. Ó tó ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà kí n tó kà nípa ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ méjì ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2008. Wọ́n gba fọ́tò àwọn ènìyàn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwọn kan ṣe kí wọ́n lẹ́wà sí i, wọ́n ba ojú àwọn kan jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ní kí olúkúlùkù mú ojú ara rẹ̀ gan-an jáde nínú wọn. Èyí tí wọ́n ti bùkún ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń mú. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o. Ojú tí wọ́n gbà pé àwọn ní nìyẹn. Wọ́n tún fún wọn ní ojú ọ̀rẹ́ wọn, ẹwà ni wọ́n tún bù lé e. Nígbà tó kan ojú ẹni tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ojú wọn là kedere. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ara ẹni àti ọ̀rẹ́ ẹni nìkan ni ojú wa ń ṣàánú. Àjèjì là ń rí bó ṣe rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn alágàbàgebè ayé yìí fi jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa.

Òǹkọ̀wé yín lè wá sọ pé kámẹ́rà ló kọ́kọ́ bà wọ́n jẹ́, kí fóònù tó wá parí rẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo kámẹ́rà nígbà tó ṣì jẹ́ ìkókó. Ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọgbọ́n fọ́tò Louis Daguerre fún aráyé ní Paris. Ọdún náà kò tíì parí tí ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Robert Cornelius, ti gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀. Òkè wà nílẹ̀ tó lè yà, odò wà, ilé Ọlọ́run wà. Ó ṣí ojú ẹ̀rọ, ó sáré yí lọ síwájú rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó sì ya ara rẹ̀. Irun orí rẹ̀ rí wúruwùru nínú fọ́tò náà bí ẹni tó bá atẹ́gùn jìjàkadì. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ yà rí nìyí. Kò sì rí bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ti ṣíwájú rẹ̀.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Hippolyte Bayard, ará Faransé. Òun náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ọgbọ́n fọ́tò kan rí, ṣùgbọ́n Daguerre ni ìjọba dá lọ́lá, wọn kò wo ibi tí Bayard wà. Nígbà tó di 1840, ó bọ́ra sílẹ̀ dé ìbàdí, ó dijú, ó fẹ̀gbẹ́ tì, ó ya ara rẹ̀ bí òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Ó kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fọ́tò náà pé ìjọba ti tọ́jú Daguerre ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan ṣe fún Bayard, ni Bayard bá kó sómi. Òkú yìí tún lo ọdún 47 láyé. Ọdún 1887 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kú ní tòótọ́. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n kéde fọ́tò fún aráyé nígbà náà, ẹnìkan sì ti fi í pa irọ́, ó fi bẹ̀bẹ̀ àánú, ó tún fi bú ìjọba.

Bó bá sì jẹ́ ti àdúrà ni, ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà sílẹ̀ pátápátá. Nínú Ìhìnrere Mátíù orí 6, Jésù ń bá àwọn tó fẹ́ràn láti dúró gbàdúrà ní ìkóríta wí, kí ènìyàn lè rí wọn; ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà wọ inú yàrá lọ, kó ti ìlẹ̀kùn. Nínú Àlùkùràánì, Súrà 107 fi ègún lé orí àwọn tó ń kírun ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àṣehàn ni wọ́n ń ṣe. A kì í ṣòfin nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ẹni tó wà ní ìkóríta yẹn, kò ní fóònù lọ́wọ́.

Mo ti rí ìkóríta tèmi náà. Wọ́n pè mí sí ìsìn ìdúpẹ́ kan, ọkùnrin kan kúnlẹ̀, ó dijú, ó ń gbàdúrà, omi ń dà lójú rẹ̀. Bó ṣe ṣe àmín tán, ó fọwọ́ pè mí, ó rọra bi mí pé, "Bọ̀dá onífọ́tò, ṣé ó wọlé?" Mo ní kò wọlé o, fíláàṣì kò tàn. Ó gbójú sókè wo àjà, ó wo èmi náà, ó ní, "Kò burú. Mo ṣì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó sì gbà á. Omi tún dà lójú rẹ̀. Àdúrà kejì tiẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo wọn ló máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n máa ń pè é ní alágàbàgebè. Èmi tí mo wà níbẹ̀, n kò gbà. Mo wo ojú rẹ̀ nínú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú gbọọrọ. Ọpẹ́ tó ń dá jinlẹ̀, ó sì fẹ́ kí fọ́tò mú un. Àwọn àgbà ṣáà ti ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún kì í ṣe irọ́ nítorí pé olójú rí kámẹ́rà.

Fọ́tò kan wà tí mo gé nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá tí a ti ń fọ fíìmù. Daguerre ló yà á ní 1838, láti ojú fèrèsé, ó kọjú ẹ̀rọ sí òpópónà kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní Boulevard du Temple. Òpópónà náà kún fún èrò àti ẹṣin lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbà yẹn lọ́ra, ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó mú. Ohun tó bá ń rìn, kò ní í mú un. Bí ẹ bá wò ó lónìí, òpópónà náà dá páropáro bí ẹni pé gbogbo wọn ti ṣí lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló hàn dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń bá a nu bàtà. Ẹni tó ń nu bàtà náà wà níbẹ̀, ó kàn rí bàìbàì ni, torí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Wọ́n ní àwọn méjèèjì yìí ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà mú láyé yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún hàn kedere. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ di bàìbàì. Àwọn tó ń sáré ká nítorí àtijẹ, wọn kò sí níbẹ̀ rárá. Kámẹ́rà kò tíì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà nígbà yẹn o. Ó kàn ṣèèṣì mọ̀ ọ́n ni.

(Ní ti àwùjọ, bí mo bá ya ènìyàn 40 pọ̀, n kì í retí ìdájọ́ òdodo. Olúkúlùkù á kọ́kọ́ wá ojú ara rẹ̀. Bí tirẹ̀ bá dára, fọ́tò dára, kódà bí 39 tó kù bá dijú. Bó bá jẹ́ òun ló dijú, onífọ́tò kò mọṣẹ́.)

Ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ló bọ́ iṣẹ́ mi. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá mo lè tojú kámẹ́rà mọ ìgbéyàwó tó máa tọ́jọ́. Dókítà Faransé kan, Guillaume Duchenne, fi iná mànàmáná sún iṣan ojú àwọn ènìyàn, ó ya fọ́tò wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1862. Ó ní iṣan ẹnu ń gbọ́ àṣẹ wa bí a bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣan tó yí ojú ká kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni àyàfi ti inú tó dùn. Nítorí náà ẹ̀bá ojú ni mo máa ń wò. Kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo ti ya àwọn tó rẹ́rìn-ín dé ẹ̀bá ojú, dé etí pẹ̀lú, tí wọ́n pínyà kí wọ́n tó san gbèsè fọ́tò mi tán. Mo ti ya àwọn tó dúró bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, wọ́n ṣì wà papọ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

Ìyàwó tèmi kórìíra gbogbo fọ́tò tí mo ti yà á rí. Ó ní òun kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo fi bá a jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an, èmi tí mo ń wò ó lójoojúmọ́. Mo wá kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1977. Wọ́n tẹ fọ́tò àwọn ènìyàn ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan bí ojú wọn ṣe rí, ọ̀kan ní ìdàkejì, bí dígí ṣe máa ń gbé e. Àwọn olójú fúnra wọn fẹ́ràn ti dígí. Àwọn ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ wọn fẹ́ràn èyí tó rí bí ojú ṣe rí. Olúkúlùkù fẹ́ èyí tó ti mọ́ ọn lójú. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá ni rí tẹni. N kò mọ̀ pé ojú náà wà lábẹ́ òwe yẹn.

Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo mú nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò ìyàwó mi kan, mo yí i sódì, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, n kò sọ nǹkan kan. Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Ó wà lára ògiri yàrá wa báyìí. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó dà bí àbúrò rẹ̀ kan tí wọn kò fi hàn mí rí.

Obìnrin kan wà, ó pẹ́ gan-an. Mo ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó gbé e padà wá, ó ní kí n gé ọkùnrin náà kúrò, kí n fi òun àti aṣọ òun sílẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo gé orí rẹ̀, mo gé kóòtù rẹ̀, mo gé bàtà rẹ̀. Ó wá ku ọwọ́. Ọkùnrin náà ti gbé ọwọ́ lé e léjìká, ìka mẹ́rin hàn lórí aṣọ funfun. Bí mo bá gé ìka wọ̀nyẹn, màá gé èjìká obìnrin náà. Mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó sanwó, ó lọ, tòun ti ìka mẹ́rin tí kò ní ọlọ́wọ́.

N kò mọ ọdún mélòó ló tún kọjá. Ó tún wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Ó bi mí bóyá nẹ́gẹ́tíìfù yẹn ṣì wà. Mo ní ó wà. Nẹ́gẹ́tíìfù kì í bá ẹnikẹ́ni bínú. Kí n má tíì bèèrè ohunkóhun, ó ní, "Ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ti kú." Mo fọ fọ́tò náà fún un lódidi, mo fọ̀ ọ́ tóbi, n kò gbowó. Ó jókòó sórí àga mi, ó gbé e lé itan, kò tètè lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè fi àwọn oníbàárà William Mumler ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọkùnrin yìí ń yàwòrán ní Boston àti New York lẹ́yìn ọdún 1860. Yóò ya alààyè, òjìji òkú yóò sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa oníṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é; àwo fọ́tò kan ṣoṣo, ìgbà méjì ni wọ́n á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bà á, kí ojú méjì lè mú sórí rẹ̀. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ àti ọmọ lọ láàárín 1861 sí 1865, ọjà Mumler sì yá. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1869. P. T. Barnum, tí òun fúnra rẹ̀ fi ìran ẹ̀tàn kówó jọ, wá jẹ́rìí pé ẹlẹ́tàn ni. Adájọ́ dá a sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí kò tó. Ní nǹkan bí 1872, Mary Lincoln, opó Ààrẹ Abraham Lincoln tí wọ́n pa, lọ jókòó níwájú kámẹ́rà Mumler. Fọ́tò náà ṣì wà. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká.

Olè ni Mumler, ká má fi bò. Opó yẹn ni n kò rí orúkọ fún. Bí òǹkọ̀wé yín bá ní ojú òpè ló fi wò ó, kó wá jókòó lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó máa wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń mú fọ́tò òkú wọn dání nígbà tí wọ́n bá wá tún un fọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní ènìyàn ìsinsìnyí kì í ṣe nǹkan kan láìtún ojú ṣe. Ẹ bá mi bi í, ẹ̀yin Olóòtú, pé ìgbà mélòó ló tún lẹ́tà yẹn kọ kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà ẹni tó ń bú ṣekárími, òwe mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, oyè rẹ̀ tẹ̀ lé e. N kò bá a jà. Ó fẹ́ kí a rí ojú rẹ̀ tó dára jù ni. Kó ṣáà fojú tó fi wo ara rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́ wo ọmọdé tó ń ya ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ti fọ́tò tí ẹ ní kí àwọn tó ń kọ lẹ́tà máa fi sínú rẹ̀, ẹ máa rí méjì nínú àpò ìwé yìí. Ìgbà 14 ni mo ya àkọ́kọ́, mo sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ jẹ́ kó hàn dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, òun ni kí ẹ lò. Ìyàwó mi ló ki ìkejì sí i nígbà tí mo lọ wá gọ́ọ̀mù. Fóònù rẹ̀ ló fi yà á níbi tí mo ti sùn lọ sórí àga, ẹnu mi là sílẹ̀, gíláàsì mi wọ́. Ó ní òun kò mọ ẹni tó wà nínú ti àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bàbá Onífọ́tò